Ohun Tí Oṣù Kẹsàn-án Kọ́ Mi Nípa Braves àti Falcons

Àwọn tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn ti ń wọ aṣọ Braves, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ìlú náà, lọ sí ilé ìwé, tí àwọn fúnra wọn náà sì ti ń ṣàkíyèsí pé ọkàn wọn kì í balẹ̀ mọ́ bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ. Kò sí ẹni tó kìlọ̀ fún èmi. Ọmọdé ni mí ní Ìbàdàn nígbà tí Zamalek ti Íjíbítì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́ Shooting Stars lọ́wọ́ ní 1984, mo sì rí àwọn àgbàlagbà tó jókòó ti rédíò tí oúnjẹ alẹ́ kò lè kọjá ọ̀nà ọ̀fun wọn. Mo rò pé ẹni tó ti rí irú ìyẹn kò tún ní rí ohun tuntun kan nínú eré ìdárayá tó máa dà á lọ́kàn rú. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà, eré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè gba ọkàn èèyàn kan náà ní àkókò kan náà, kí ọ̀kan máa parí lọ bí èkejì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn sì máa fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì títí tí kò fi ní mọ èyí tó yẹ kó bà á nínú jẹ́ gan-an.

Béèsìbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ń fi igi lu bọ́ọ̀lù, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ nínú méjèèjì. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà ní ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí bàbá àgbàlagbà kan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Alabama, ti máa ń gbé rédíò kékeré kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń to ẹrù. Ìlú Mobile tí wọ́n bí Hank Aaron, agbábọ́ọ̀lù Braves tó lókìkí, sí ni wọ́n bí òun náà sí, kò sì lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má sọ ìtàn ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 1974, nígbà tí Aaron lu home run rẹ̀ (bọ́ọ̀lù tí wọ́n lù kọjá odi pápá) tó jẹ́ ìkẹẹ̀ẹ́dógún lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ìyẹn 715, tó fi kọjá iye tí Babe Ruth, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù títí di ìgbà náà, lù, lẹ́yìn tí àwọn kan ti ń kọ lẹ́tà sí i pé àwọn máa pa á nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Orúkọ ni gbogbo àwọn yòókù ń pè é. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. “Sà” ni mo ń pè é, ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí i, nígbà tó yá ó gbà pé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Òun ló kọ́ mi pé eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín oṣù mẹ́fà, pé ẹgbẹ́ tó dára gan-an lè pàdánù ọgọ́ta eré lọ́dún kí inú àwọn èèyàn rẹ̀ sì máa dùn, àti pé ẹni tó bá ń banú jẹ́ lálaalẹ́ kò ní pẹ́ di aláìsàn. Mo gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ṣùgbọ́n etí kan ni mo fi gbọ́ ọ.

Falcons dé sínú ilé wa lẹ́yìn náà, nípasẹ̀ ọmọ mi ọkùnrin, tó bá àwọn ọmọ àdúgbò kó o wálé. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé sá tí wọ́n sì ń jù, tí ẹsẹ̀ kì í sábà kàn. Nígbà náà, eré mẹ́rìndínlógún péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí wọ́n tó mọ àwọn tó máa tẹ̀ síwájú. Láti 2021 ni ó ti di mẹ́tàdínlógún. Ẹ fi 16 pín 162, ẹ ó rí i pé eré ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó eré béèsìbọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni èèyàn sì máa fi jókòó ti ìdùnnú tàbí ìbànújẹ́ rẹ̀ kí òmíràn tó dé. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, lákòókò tí pásítọ̀ tiwa ṣì máa ń wà lórí kókó kejì nínú ìwàásù rẹ̀, mo sì mọ àwọn ọkùnrin ìjọ kan tí wọ́n máa ń ní ìdí pàtàkì láti lọ wo ọkọ̀ wọn níta láàárín aago kan sí aago méjì ní gbogbo oṣù Kẹsàn-án. N kò ní sọ bóyá mo wà lára wọn.

Ọdún 2011 ni ojú mi kọ́kọ́ rí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, Braves fi eré mẹ́jọ àti ààbọ̀ ṣáájú St. Louis Cardinals nínú ìdíje fún àyè tó kẹ́yìn láti wọ ìdíje oṣù Kẹwàá tí wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ tó máa gba ife ẹ̀yẹ, nígbà tí kò ku oṣù kan tí sáà máa parí. Kò sí ẹni tó ń ronú nípa Cardinals ní ilé ìkẹ́rùsí wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Falcons lọ bẹ̀rẹ̀ sáà tiwọn ní Chicago, àwọn ará Chicago sì fi 30 sí 12 nà wọ́n. Gbogbo ariwo, gbogbo ìbínú, gbogbo àlàyé nípa ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ì bá ti ṣe, ọ̀dọ̀ Falcons ni wọ́n gbà lọ ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n sì na Philadelphia Eagles ní 35 sí 31 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ayọ̀ náà gba gbogbo ilé. Láàárín àkókò yẹn Braves ń pàdánù díẹ̀díẹ̀: wọn yóò pàdánù lónìí, wọn yóò borí lọ́la, wọn yóò pàdánù lẹ́ẹ̀mejì léra, bí ìkòkò tó ń jò ní kọ̀rọ̀ ilé tí gbogbo èèyàn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n borí nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n gbá ní oṣù Kẹsàn-án náà. Bí bọ́ọ̀lù ni, ìpàdánù méjìdínlógún ju odindi sáà kan lọ, ìlú ì bá sì ti dàrú. Ṣùgbọ́n béèsìbọ́ọ̀lù kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 28, tó jẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà, Braves àti Cardinals ti bára wọn dọ́gba. Phillies, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Philadelphia, ni Braves gbà lálejò ní Turner Field, pápá tiwọn nígbà náà. Wọ́n fi ayò mẹ́ta sí méjì ṣáájú títí wọ abala kẹsàn-án, tó yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn, wọ́n sì gbé Craig Kimbrel jáde láti wá pa ilẹ̀kùn dé, ìyẹn ni pé kó ju bọ́ọ̀lù ní ìparí eré kí ẹgbẹ́ kejì má bàa rí ayò gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti pa ilẹ̀kùn dé ní ìgbà 46 lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹni tó tún ń ju bọ́ọ̀lù tó ṣòro láti lù tó tirẹ̀. Phillies dá ayò náà padà. Eré náà lọ títí wọ abala kẹtàlá, Hunter Pence lu bọ́ọ̀lù kan tí kò tilẹ̀ dún dáadáa lára igi, ayò kẹrin wọlé, a kò sì rí i dá padà. Cardinals ti na Houston ní 8 sí 0 kí tiwa tó parí. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo bí a ṣe ń kú. Àwọn náà ló padà gba World Series, ife ẹ̀yẹ béèsìbọ́ọ̀lù, lọ́dún yẹn.

Ó yẹ kí n sọ pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, Boston Red Sox, tí wọ́n ti fi eré mẹ́sàn-án ṣáájú ní oṣù Kẹsàn-án, pàdánù àyè tiwọn náà ní Baltimore. Wọ́n borí eré méje péré nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá rò pé àwọn ẹgbẹ́ tòun nìkan ni wọ́n fi èpè sí kò tíì bá ará Boston jókòó. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú tó láti mú oorun tí mo pàdánù padà, nítorí ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí eré náà parí, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n lára ẹrù.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọdún yẹn, tí n kò sì tíì rí i pé àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá ń sọ ọ́ tó, ni pé ìbẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù máa ń gba ojú kúrò lára òpin béèsìbọ́ọ̀lù ní àkókò tó yẹ kí ojú wà níbẹ̀ jù lọ. Ariwo Àìkú pọ̀ ju ariwo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ. Nítorí náà, láti ọdún tó tẹ̀ lé e, mo lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń kọ iye eré tí Braves fi ṣáájú tàbí tí wọ́n fi wà lẹ́yìn àti iye tó kù sí i, kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ Falcons rárá. Ó lè dà bí eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rí nǹkan bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kì í ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Àfi pé 2012 mú òmíràn wá. Lọ́dún yẹn ni àwọn aláṣẹ béèsìbọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun kan, pé kí ẹgbẹ́ méjì tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gbá eré kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá pàdánù máa lọ sílé. Braves ti borí eré 94, Cardinals borí 88. A ó gba gbogbo iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, a ó kó o sínú alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n mú eré tó máa ń gba sùúrù, wọ́n fi aago bọ́ọ̀lù wọ̀n ọ́n. Kris Medlen ló máa ju bọ́ọ̀lù fún wa, Braves sì ti borí eré mẹ́tàlélógún léraléra tí òun bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Gbogbo wa ló ti mọ̀ pé ó ti parí. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ọmọ mi.

Àwọn tó mọ̀ nípa eré yìí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní abala kẹjọ, Cardinals ti ń fi 6 sí 3 ṣáájú, àwọn tiwa méjì wà lójú ọ̀nà, ẹnì kan péré ni wọ́n sì ti lé jáde nínú mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ lé kí ìgbà tiwa tó parí. Andrelton Simmons lu bọ́ọ̀lù kan sókè, ó lọ jìnnà sí apá òsì pápá. Pete Kozma ti Cardinals fi ẹ̀yìn rìn lọ sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún yà kúrò lójijì, bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ sórí koríko. Gbogbo Turner Field fò sókè. A rò pé àwọn tiwa ti kún gbogbo ibùdó, pé ẹnì kan ṣoṣo ṣì ni wọ́n lé. Kí ayọ̀ náà tó délẹ̀, adájọ́ eré tó wà ní apá òsì ti gbé ọwọ́ sókè pé Simmons ti jáde, pé òfin kan wà tó sọ pé nínú irú ipò yẹn, ẹni tó lu bọ́ọ̀lù tó rọrùn láti gbà ti jáde, bí wọn kò tilẹ̀ gbà á. Ìgò, agolo àti ike bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò sórí pápá, wọ́n sì dá eré dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó padà bẹ̀rẹ̀, a kò rí nǹkan kan ṣe mọ́. Chipper Jones, tó ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nídìí eré yìí pẹ̀lú Braves, kò tún gbá eré mìíràn mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ mi bi mí léèrè nínú ọkọ̀ pé, “Dádì, ṣé wọ́n jà wá lólè ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn gíga, mo tún un sọ ní ilé, mo tún un sọ ní ilé ìjọsìn, ọmọ náà sì gbé e lọ sí ilé ìwé. Ọjọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ ni bàbá ará Mobile mú ìwé òfin béèsìbọ́ọ̀lù jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní kí n ka ojú ìwé kan. Ìdí tí òfin náà fi wà ni láti dáàbò bo ẹgbẹ́ tó ń lu bọ́ọ̀lù: bí kò bá sí i, ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù rírọrùn kan lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bọ́, kó wá fi lé èèyàn méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí òfin bèèrè ni bóyá ẹni tó ń ṣọ́ apá inú pápá lè gbà á láìṣe wàhálà púpọ̀. Kò sọ ibi tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dé. Bàbá náà gbà pé bọ́ọ̀lù yẹn ti jìnnà jù, èmi náà ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ó tún bi mí léèrè iye àṣìṣe tí ọwọ́ àwọn tiwa ṣe lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́ta ni. Ọ̀kan nínú wọn, Chipper Jones fúnra rẹ̀ ló ju bọ́ọ̀lù náà ṣìnà ní abala kẹrin, ibẹ̀ ni Cardinals sì ti ń kó ayò jọ. Kò sí ẹni tó ju ìgò nítorí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn òbí. Ọmọ tó bá kọ́ lára bàbá rẹ̀ pé adájọ́ ló ń fa gbogbo ìpàdánù máa gbé e dé ibi tí kì í ṣe eré. Tèmi gbé e dé ibi ìdánwò ìṣirò. Olùkọ́ ló jà á lólè níbẹ̀ náà. Ó gba àkókò kí n tó rí i pé èmi ni mo fún un ní gbólóhùn yẹn. Bí a ṣe tún un ṣe kò ju pé bàbá ará Mobile fún mi ní káàdì tí wọ́n fi ń kọ eré sílẹ̀, àpótí kéékèèké tí èèyàn ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tí olúkúlùkù ṣe sí nígbà tó kàn án. Èmi àti ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pọ̀. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ kò ráyè pariwo, bí eré bá sì parí, ìwé ló máa sọ ibi tí ọ̀nà ti wọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo dán wò, kò sí èyí tó mú ọkàn mi rọlẹ̀ tó o.

Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìjàngbọ̀n yẹn, Falcons lọ na Washington ní 24 sí 17, wọ́n ti borí gbogbo eré márààrún tí wọ́n gbá, ilé wa sì kún fún ayọ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi, tó ti fara da ìbínú mi fún odindi ọjọ́ méjì, dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ó ní, “Olówó orí mi, ẹ dákun, ẹgbẹ́ wo gan-an nínú méjèèjì ló ń san owó ilé yìí? Kí n lè mọ èyí tí mo máa gbààwẹ̀ fún.” Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Òun àti àwọn ọmọ ló ń san gbèsè ìbínú tí wọn kò jẹ.

Láàárín àkókò yìí náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìtajà oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò dára fún mi. Dókítà bi mí nípa iyọ̀, ó bi mí nípa oorun. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé bí Braves bá lọ gbá eré ní Los Angeles tàbí San Francisco, aago mẹ́wàá alẹ́ tiwa ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì lè má parí títí di aago kan òru, ó wò mí tìyanu-tìyanu. Láti ọjọ́ náà, n kì í wo eré ìwọ̀ oòrùn mọ́. Àbájáde rẹ̀ kì í yí padà nítorí pé mo sùn. Mò ń kà á láàárọ̀ pẹ̀lú ògì àti àkàrà, ìròyìn burúkú tí èèyàn kà lẹ́yìn oorun kì í sì í gún ọkàn tó èyí tó bá èèyàn lójúfò.

Ti Falcons gba ẹ̀kọ́ mìíràn, nítorí pé oṣù Kẹsàn-án tiwọn máa ń parọ́. Ní 2015 wọ́n borí eré márùn-ún àkọ́kọ́ láìpàdánù ọ̀kan; ní àdúgbò wa, wọ́n ti ń wá owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Super Bowl, eré àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Wọ́n parí sáà náà pẹ̀lú ìborí mẹ́jọ àti ìpàdánù mẹ́jọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Tampa Bay wá na wọ́n nílé ní 31 sí 24 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa sì ní ó ti tún dé. Ẹgbẹ́ yẹn gan-an ló dé Super Bowl. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2017, bí a ṣe fi 28 sí 3 ṣáájú tí New England sì fi 34 sí 28 gbà á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà ìwọ́wé, n kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé eré mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tíì tó láti mọ irú ẹni tí ẹgbẹ́ kan jẹ́, bó ti wù kí olúkúlùkù wúwo tó. N kì í ra aṣọ tuntun, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn nípa akọ́nimọ̀ọ́gbá, títí oṣù Kẹwàá yóò fi parí.

Mo ti rò pé mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tán kó tó di 2020. Àrùn Kòrónà ti dín sáà béèsìbọ́ọ̀lù kù sí ọgọ́ta eré, gbogbo wa wà nílé, àwa ọkùnrin ìjọ sì ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp fún ọ̀rọ̀ Falcons. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án, ní Dallas, wọ́n gba ogún ayò kí Cowboys tó ní ọ̀kan. Wọ́n ṣì ń fi 39 sí 24 ṣáájú ní abala kẹrin, tó jẹ́ abala ìkẹyìn. Nígbà tí ó wá ku ayò méjì láàárín wọn, Cowboys ta bọ́ọ̀lù kan tó ń rọra yí nílẹ̀. Òfin sọ pé ẹgbẹ́ tó ta á kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kó tó rin yáàdì mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kejì lè gbé e nígbàkígbà. Àwọn tiwa yí i ká, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń yí lọ, títí ó fi pé yáàdì mẹ́wàá tí ará Dallas sì bẹ́ mọ́ ọn. 40 sí 39. Lọ́sẹ̀ kejì, Chicago tún wá nílé wa, wọ́n wà lẹ́yìn pẹ̀lú 10 sí 26 ní abala ìkẹyìn, wọ́n sì fi 30 sí 26 lọ.

Kì í ṣe eré náà ló pa mí lára tó fóònù. Kí n tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan tí àwòrán tirẹ̀ ń ṣáájú tèmi ti kọ “Ah!” sórí WhatsApp. Lẹ́yìn eré, ìfira-ẹni-ṣẹ̀sín bẹ̀rẹ̀, ó di ìbínú, ẹnì kan bú ẹlòmíràn nípa ìlú tó ti wá, ọkùnrin méjì tó jọ máa ń gbàdúrà pọ̀ kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì. Bí ẹ bá ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pa ohùn rẹ̀ láti ìgbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwa náà ti fi ṣe òfin báyìí, alábòójútó sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan kan. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Falcons, Dan Quinn, lọ lẹ́yìn ìpàdánù márùn-ún léra. Lóṣù Kẹwàá yẹn kan náà, Braves fi ìborí 3 sí 1 ṣáájú Dodgers ti Los Angeles nínú ọ̀wọ́ eré méje tó máa gbé wọn dé World Series, wọ́n sì pàdánù mẹ́ta tó kù. Mo ti sùn kí ìkẹyìn tó parí.

Bóyá nítorí gbogbo èyí ni mo fi lè gbádùn 2021. Hank Aaron kú ní oṣù Kìíní ọdún náà. Ronald Acuña, ìràwọ̀ Braves, ya iṣan orúnkún ní oṣù Keje, Braves kò sì ní ìborí tó ju ìpàdánù lọ títí di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ. Lórí ìwé ara fíríìjì mi, kò sí ìdí láti retí nǹkan kan. Ní apá kejì, Falcons ti pàdánù sí Eagles ní 32 sí 6, àti sí Tampa Bay ní 48 sí 25, ìlú sì kún fún ìkùnsínú. Ohun tó ń mú wa rẹ́rìn-ín ni pé àwọn méjì tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá wà láàárín wọn, Olamide Zaccheaus àti Foyesade Oluokun. Oluokun gbá èèyàn mọ́lẹ̀ ní ìgbà 192 lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹni tó tó o nínú gbogbo líìgì. Ìyá ìyàwó mi rí àwòrán rẹ̀ láti Ìbàdàn, ó ní kí n bá òun bèèrè ọmọ ilé ibo ni.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, Falcons gbá eré pẹ̀lú Jets ní London, ní pápá Tottenham, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ Àìkú ní tiwa. Mo lọ sí ilé ìjọsìn. Àbúrò mi tó ń gbé ní Peckham ló wà ní pápá, ó sì pè mí lọ́sàn-án láti sọ fún mi pé a borí, 27 sí 20, pé òun kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń dúró tó bẹ́ẹ̀ láàárín eré. Braves sinmi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti borí Milwaukee lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, wọ́n na Houston ní 7 sí 0, wọ́n gba World Series àkọ́kọ́ láti 1995. Ìborí 44 kí wọ́n tó sinmi ní àárín sáà, 44 lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà 44 sì ni Aaron wọ̀. Bàbá ará Mobile, tó ti fẹ̀yìn tì padà sí Alabama, ló pè mí nípa rẹ̀ lóru náà. Mo ní, “Sà, ìwọ̀nyí kì í ṣe nǹkan lásán.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ sùn.

Fún àwọn tó fẹ́ kó ọmọ lọ sí pápá ní ìgbà ìwọ́wé, ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ rèé. Ti Falcons rọrùn láti dé: ọkọ̀ ojú irin MARTA ń gbé èèyàn dé ẹ̀gbẹ́ Mercedes-Benz Stadium, oúnjẹ ibẹ̀ kò sì wọ́n, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 2017 ni wọ́n ti mú owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ má ṣe gbé báàgì ńlá lọ. Yàtọ̀ sí pọ́ọ̀sì kékeré, báàgì tí èèyàn lè rí inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà láti 2013, mo sì ti rí ìyá àgbà kan tí wọ́n dá padà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì aláwọ tó bá gèlè rẹ̀ mu. Ti Braves, láti 2017 tí wọ́n ti kó kúrò ní Turner Field lọ sí Cobb County, kò sí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ san owó ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí kí ẹ tó kúrò nílé. Alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ, nígbà tí ojú gbogbo ìlú bá wà lára Falcons, tí àwọn ọmọ yín lè jókòó sí iwájú, kí ẹ mú pẹ́ńsù méjì dání.